Wárápá Lọ, Oorun Dé: Àwọn Tó Ń Lo Oògùn ní Lomé

Ní Lomé, kì í pẹ́ tí ẹni tí wárápá ń ṣe fi máa ń mọ orúkọ Gardénal. Orúkọ tí wọ́n fi ń ta phenobarbital láti ilẹ̀ Faransé ni, òun náà sì ni nọ́ọ̀sì, apòògùn àti ìyá aláìsàn jọ ń pè é. Hóró kékeré ni, owó rẹ̀ kò gani lára, ó sì ń ṣiṣẹ́: ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣubú lójú títì, lẹ́bàá iná, létí kànga, ló ti tipa rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìṣubú. Síbẹ̀, àwọn tó ń dá a dúró láìsọ fún dókítà kò lóǹkà, ìdí tí wọ́n sì fi ń dá a dúró kì í sábà jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́. Oorun ni wọ́n ń sá fún.

Ká mú ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní àdúgbò Bè. Ó ti pẹ́ tí wárápá ti gbé e kẹ́yìn. Inú ìyá rẹ̀ dùn, ó ti ṣọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n láti òwúrọ̀ ni orí ọmọ náà ti ń wúwo. Ọ̀gá rẹ̀ ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn aṣọ, ọ̀rọ̀ náà kò dúró sí i lágbárí; ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ ń pa dé. Wọ́n pè é ní ọ̀lẹ. Àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá délé tó ní òun kò lo oògùn yìí mọ́, ìyá rẹ̀ á ní, "Ṣé o fẹ́ kí àìsàn yẹn padà wá ni?" Kí ni ọmọ fẹ́ fi dáhùn? Ó ń fi hóró náà pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, ó sì ń lọ tu ú dànù lẹ́yìn ilé.

Ẹ̀sùn tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kì í ṣe àìmoore. Ara ìtọ́jú ni. Dókítà tí kò bá gbọ́ ọ kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ilé tó bá sì pa á lẹ́nu mọ́ ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún wárápá láìmọ̀.

Oorun yìí kì í ṣe àjèjì sí oògùn náà. Oògùn oorun ló jẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1912, nígbà tí Lomé ṣì jẹ́ olú-ìlú Togo lábẹ́ ìjọba Jámánì, ọ̀dọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Alfred Hauptmann ní ìlú Freiburg fún àwọn aláìsàn wárápá ní oògùn tuntun tí ilé iṣẹ́ Bayer ń pè ní Luminal, kí wọ́n lè máa rí oorun sùn. Ló bá ṣàkíyèsí pé wọn kò kàn ń sùn, wárápá wọn ń dín kù. Ṣáájú ìgbà yẹn, bromide tí Charles Locock ti dárúkọ ní London ní 1857 ni àwọn dókítà gbójú lé, oògùn tó ń sọ ojú di eléèwo tó sì ń mú kí ènìyàn máa ṣe bí ẹni tí kò sí láyé. Luminal sàn jù ú lọ lọ́nà tó pọ̀. Òun náà ni phenobarbital tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gba àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò tó lọ́wọ́ wọn nímọ̀ràn láti máa lò.

Ó máa ń pẹ́ nínú ara. Lára àgbàlagbà, ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ìdajì ohun tí ènìyàn gbé mì tó jáde tán. Ìdí nìyẹn tí lílò ó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fi tó, tí alẹ́ sì fi jẹ́ àkókò tó dára jù láti lò ó. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dájọ́ oògùn náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ó ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ìwọ̀n rẹ̀ tó dúró sójú kan nínú ẹ̀jẹ̀, ara ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oṣù kan bá kọjá, tí aláìsàn ṣì ń sùn lórí iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti sùúrù. Ó lè jẹ́ pé ìwọ̀n tí wọ́n kọ fún un ló pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ pé àárọ̀ ló ń lò ó. Ó sì lè jẹ́ ọtí sodabi. Ẹni tó bá da ọtí yẹn lé phenobarbital lórí ti fi oorun kún oorun, irú oorun bẹ́ẹ̀ sì lè di èyí tí èémí fi máa dúró.

Ti àwọn ọmọdé tún yàtọ̀. Àwọn kan nínú wọn kì í sùn rárá; ńṣe ni ara wọn kì í balẹ̀, wọ́n á máa bínú, wọ́n á máa bá gbogbo ènìyàn jà, olùkọ́ á sì máa rò pé òbí ni kò kọ́ wọn. Àwọn dókítà Yúróòpù pariwo èyí débi pé ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ fún ọmọdé ní oògùn náà mọ́. Ẹ̀rí ilẹ̀ Bangladesh kò gbè wọ́n pátápátá. Níbẹ̀, ìwádìí kan tó jáde ní 2007 fi phenobarbital wé oògùn wárápá mìíràn, carbamazepine, lára àwọn ọmọdé, kò sì rí ìyàtọ̀ gidi láàárín ìwà àwọn ọmọ tó lo ọ̀kan àti ti àwọn tó lo èkejì. Ní Kẹ́ńyà, ìwádìí mìíràn lórí aláìsàn 302, tó jáde ní 1991, fi hàn pé agbára oògùn méjèèjì láti dá wárápá dúró kò jìnnà síra. Nítorí náà, kì í ṣe pé Gardénal burú. Ara ẹnì kan gbà á, ara ẹlòmíràn kọ̀ ọ́, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ àfi ẹni tó bá béèrè.

Àwọn oògùn yòókù náà ní tiwọn. Phenytoin, tí Merritt àti Putnam fi ìwádìí wọn hàn ní Amẹ́ríkà ní 1938, lè mú kí erìgì wú títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo eyín, ó sì lè mú irun hù sójú obìnrin. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi díẹ̀ kọjá ààlà, aláìsàn á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Carbamazepine, tí àwọn ará Lomé mọ̀ sí Tégrétol, lè mú òòyì wá, kó mú kí ènìyàn máa rí ohun kan bíi méjì. Ẹ rò ó wò bí ẹni náà bá ń fi ọ̀kadà gbé èrò kiri, tó jẹ́ oléyia. Levetiracetam kì í fa oorun púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ àwọn kan di onínúfùfù, ìyàwó ilé á máa wí pé, "Ọkọ mi kọ́ rèé." Lamotrigine rọra fún ọpọlọ, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nítorí awọ ara.

Ọ̀rọ̀ awọ ara yìí kò gba eré. Phenobarbital, phenytoin, carbamazepine àti lamotrigine lè fa àìsàn kan tí àwọn dókítà ń pè ní Stevens-Johnson: ibà, ojú pípọ́n, egbò lẹ́nu, awọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pani. Àwọn dókítà awọ ara ní Lomé mọ̀ ọ́n dáadáa. Bayaki Saka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ ìwádìí tó jáde ní 2013 lórí 177 ènìyàn tí ó ti mú ní ilẹ̀ Áfíríkà, Togo wà lára àwọn orílẹ̀-èdè náà. Àwọn oògùn mìíràn, pàápàá oògùn apakòkòrò irú ti Bactrim, ló pọ̀ jù nínú ohun tó fà á lọ́dọ̀ wọn. Síbẹ̀ ìkìlọ̀ náà dúró: ẹni tí ara rẹ̀ bá sú láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn wárápá kò gbọdọ̀ sùn lé e. Ọsibítù ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Àkókò tí oògùn gbọ́dọ̀ dúró lójijì nìyí, àwọn dókítà ni yóò sì fi òmíràn dáàbò bò ó.

Ti obìnrin ló yẹ ká dúró lé lórí jù, nítorí ibẹ̀ ni ìpalára ti pọ̀ jù tí ìkìlọ̀ sì ti pẹ́ jù. Phenobarbital, phenytoin àti carbamazepine ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lọ àwọn oògùn mìíràn kúrò lára. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró kò ní lágbára mọ́, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sábẹ́ awọ apá pẹ̀lú kò ṣeé gbójú lé. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta àti èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ ni kò ní ìyọnu yìí. Obìnrin tó ń lo Gardénal tó sì ń gbé hóró ìfètò mì lójoojúmọ́ lè lóyún láìròtẹ́lẹ̀, kó sì máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun gbàgbé.

Valproate, tí wọ́n ń tà ní Dépakine, ló wá le jù. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e sọ́jà, ní 1967, oògùn tó lágbára ni, pàápàá fún irú wárápá tó ń mú gbogbo ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè mú ènìyàn sanra, kó mú irun re, kó mú ọwọ́ gbọ̀n. Ìwọ̀nyẹn ṣeé fara dà. Ti inú oyún kò ṣeé fara dà: nínú ọmọ mẹ́wàá tí ìyá wọn lò ó nígbà oyún, bí ọ̀kan ló ń ní àbùkù ara, bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì lè ní ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀kọ́ kíkọ́ tàbí ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ènìyàn. Obìnrin ará Faransé kan, Marine Martin, tí wàhálà yìí bá àwọn ọmọ rẹ̀, dá ẹgbẹ́ Apesac sílẹ̀ ní 2011. Ní 2017, àwọn aláṣẹ ìlera ibẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé láàárín 1967 sí 2016, àwọn ọmọ tó tó 2,150 sí 4,100 ni valproate ti fún ní àbùkù ńlá. Ní oṣù kìn-ín-ní 2022, ilé ẹjọ́ kan ní Paris ní ilé iṣẹ́ Sanofi, tó ń ta Dépakine, jẹ̀bi pé kò kìlọ̀ tó. Sanofi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní gbangba pé kò yẹ kí wọ́n máa kọ ọ́ fún ọmọbìnrin àti obìnrin tó ṣì lè bímọ. Ó yẹ kí ìkìlọ̀ tó jáde láti Paris àti Geneva dé etí gbogbo obìnrin tó ń ra Dépakine ní Lomé. Kí aboyún tó ń ka èyí má ṣe da oògùn rẹ̀ nù o: wárápá tó bá gbé aboyún léraléra lè pa òun àti ọmọ. Kó tọ dókítà lọ kíákíá.

Ibo ni àwọn tí oògùn ti sú ń gbà lọ? Àwọn kan ń lọ sí Akodésséwa, ọjà oògùn ìbílẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kan káàkiri, níbi tí orí ajá, orí ọ̀bọ, agẹmọ gbígbẹ àti ìyẹ́ ẹyẹ ti tò jọ lórí àtẹ nínú oòrùn. Àwọn kan ń lọ sí orí òkè àdúrà. Kò yẹ ká bú wọn. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti jókòó tì wọ́n, tó ti bi wọ́n léèrè bí ó ti ń ṣe wọ́n, tí kò sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún lé wọn síta. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọsibítù kò fún wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí a sọ òótọ́ nípa àgbo. Ní Ìbàdàn, Oyebola àti Elegbe fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ àgbo ìtọ̀ màlúù tí wọ́n ń rọ fún ọmọ tí gìrì mú wò, èyí tí wọ́n ń fi ewé tábà sí, wọ́n sì rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dá èémí dúró. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n gbé dé ọsibítù lẹ́yìn àgbo náà, àgbo ló ń pa wọ́n lọ, kì í ṣe gìrì. Ẹni tó bá fẹ́ lo ewé kó lò ó, àmọ́ kó wí fún dókítà, kó má sì fi rọ́pò hóró tó ti wà nílẹ̀.

Àwọn mìíràn ń gba àyíká Assigamé, ọjà ńlá Lomé, lọ ra hóró lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé oògùn kiri nínú báàfù. Ó rọrùn, wọ́n ń tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọn kò béèrè ìwé. Oòrùn ti pa á, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó lo èyí tí kò pé ìwọ̀n á ṣubú, ẹni tó lo èyí tó pọ̀ jù á sùn, àwọn méjèèjì á sì ní oògùn òyìnbó kò dára. Ní Lomé yìí kan náà, ní ọjọ́ 18 oṣù kìn-ín-ní 2020, Faure Gnassingbé, ààrẹ Togo nígbà náà, gba àwọn olórí orílẹ̀-èdè mélòó kan lálejò, Macky Sall ti Senegal àti Yoweri Museveni ti Uganda wà níbẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí ìpinnu láti sọ títa ayédèrú oògùn di ọ̀ràn ńlá lábẹ́ òfin.

Èyí tó léwu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kí ènìyàn kàn dáwọ́ dúró. Ọpọlọ tí phenobarbital ti ń dì mú fún ọ̀pọ̀ oṣù kì í gbà á ní jẹ́jẹ́ bí wọ́n bá tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wárápá lè wá lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kan kò tíì tán kí òmíràn tó dé, tí ẹni náà kò sì ní jí láàárín wọn. Bó bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀rọ̀ ti di ti ọkọ̀ àti ọsibítù.

Ṣé ọ̀nà mìíràn wà? Ó wà, ó sì dára ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Patrick Kwan àti Martin Brodie tẹ̀lé àwọn 525 aláìsàn ní Glasgow, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2000. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí kò tíì lo oògùn rí, 47 ló bọ́ lọ́wọ́ wárápá pẹ̀lú oògùn àkọ́kọ́. Àwọn tó kù ni ọ̀rọ̀ wọn kàn wá níbí. Àwọn tí oògùn àkọ́kọ́ kò ran wárápá wọn rárá, 11 péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló bọ́ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó fi oògùn àkọ́kọ́ sílẹ̀ nítorí pé ara wọn kò gbà á, 41 nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìtúsílẹ̀ nígbà tí wọ́n gba oògùn mìíràn. Ẹni tí oorun ń dà láàmú kì í ṣe ẹni tí ọ̀nà ti dí mọ́. Òun gan-an ni pípààrọ̀ oògùn lè ṣe lóore jù, bí ó bá rí ẹni sọ ọ́ fún.

Lomé ní àwọn tó lè gbọ́ ọ. Àwọn dókítà ọpọlọ wà ní ọsibítù CHU Sylvanus Olympio, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Tokoin, àti ní CHU Campus. Eric Grunitzky àti Agnon Balogou ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé lórí wárápá ní Togo, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti ṣe ní Ìgbò-Ọrà, níbi tí ìwádìí tó jáde ní 1987 ti rí bí ènìyàn márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún tó ní wárápá. Grunitzky wà lára àwọn tó bá Michel Dumas ti Limoges ṣiṣẹ́ ní apá àríwá Togo, tí wọ́n sì rí i pé aràn ẹlẹ́dẹ̀ wọ́pọ̀ níbẹ̀: ẹyin aràn náà, tó ń ti inú ìgbẹ́ ẹni tó ní in wọ oúnjẹ àti omi, máa ń pa nínú ara, ọmọ aràn á lọ dúró sínú ọpọlọ, á sì fa wárápá. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń wá ọ̀nà mìíràn. Kí wọ́n tó máa pààrọ̀ hóró, kí wọ́n béèrè ohun tó fà á, nítorí irú èyí ní oògùn aràn tirẹ̀, lábẹ́ ojú dókítà.

Àwọn ọ̀nà tó jìnnà sí hóró pẹ̀lú wà. Oúnjẹ ọlọ́ràá tí Russell Wilder gbé kalẹ̀ ní Mayo Clinic ní 1921 ṣì ń ran àwọn ọmọ kan lọ́wọ́ tí oògùn méjì kò ràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí nínú ilé kan ní Lomé: kò sí òkèlè akume, kò sí gààrí, kò sí ìrẹsì, kò sí iṣu; àfi ẹyin, ẹja, òróró àti ẹ̀fọ́, tí wọ́n ń wọ̀n lórí ìwọ̀n lójoojúmọ́, pẹ̀lú onímọ̀ oúnjẹ tó ń ṣọ́ ọmọ náà. Iye ilé tó lè ṣe é kò pọ̀. Iṣẹ́ abẹ, tí Victor Horsley ti ń ṣe ní London láti 1886, lè mú wárápá kúrò pátápátá bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo nínú ọpọlọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ń rì sábẹ́ awọ àyà láti máa ta iṣan ọrùn jí sì ti gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà láti 1997. Ẹni tí oògùn méjì tí wọ́n yàn dáadáa bá kùnà lára rẹ̀ ni kó béèrè wọn.

Owó ṣì ni kókó ọ̀rọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ló ní wárápá láyé, bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀, àti pé dọ́là márùn-ún lọ́dún lè tó fún oògùn àtijọ́. Lamotrigine àti levetiracetam wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Togo bẹ̀rẹ̀ ìbánigbófò ìlera fún gbogbo ènìyàn, AMU, ní oṣù kìn-ín-ní 2024, ẹni tó bá sì wọ inú rẹ̀ yẹ kó béèrè oògùn wárápá tí yóò bá a san.

Àti-pààrọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Dókítà á fi oògùn tuntun kún ti àtijọ́ díẹ̀díẹ̀, ìgbà tí tuntun bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni yóò tó máa dín ti àtijọ́ kù, ó sì lè gba oṣù mélòó kan tó bá jẹ́ Gardénal. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ìwé kékeré kan wúlò ju ìrántí lọ: ọjọ́ tí wárápá gbé e, aago tó lo oògùn, aago tí oorun dé, ọjọ́ ibà, ọjọ́ tí oògùn tán nílé. Ohun kan sì tún wà tó yẹ kí aláìsàn bi famasí kó tó gbà láti bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun: ṣé wọ́n á máa rí i tà lóṣooṣù? Ẹni tó bá fi oògùn tó mú un sùn sílẹ̀ fún èyí tó máa wọ́n lọ́jà lẹ́yìn oṣù méjì yóò tún ṣubú. Bí ìdáhùn famasí bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó padà lọ sọ fún dókítà kí wọ́n yan òmíràn, tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti dín ìwọ̀n Gardénal kù kí wọ́n sì sún un sí alẹ́.